Bọ́tìnnì Kan fún Ọmọ Méjì: Lámèyítọ́ lórí Immersive Reader

Ní ọdún 2015, ilé iṣẹ́ Microsoft ṣe ìdíje tí wọ́n máa ń ṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wọn: kí oníkálukú pa iṣẹ́ ojúmọ́ tì fún ọjọ́ díẹ̀, kó bá ẹni tó wù ú kẹ́gbẹ́, kí wọ́n sì gbé ohun tuntun jáde. Ẹgbẹ́ tó gbégbá orókè lọ́dún náà kò ṣe ohun tó ń dán gbinrin. OneNote, ìwé àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́, ni wọ́n mú, wọ́n sì fi ohun èlò kan kún un fún àwọn ọmọ tí ìwé kíkà ń dà láàmú. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n ti kéde rẹ̀ fáyé gbọ́. Immersive Reader ni wọ́n ń pè é lónìí. Ó wà nínú Word, ó wà nínú Teams, ó wà nínú Edge tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, kódà ó wà nínú Minecraft tí wọ́n ṣe fún ilé ìwé. Ọmọ ilé ìwé kò san kọ́bọ̀ lọ́tọ̀ nítorí rẹ̀.

Kí ló ń ṣe? Bí ọmọ bá ti tẹ bọ́tìnnì náà, gbogbo rúdurùdu ojú ìwé á pòórá: ìpolówó, àwòrán, àti àwọn àkọlé tó ń pe ojú sọ́tùn-ún sósì. Ọ̀rọ̀ nìkan ló máa kù. Lẹ́yìn náà ọmọ lè mú kí lẹ́tà tóbi, kí àlàfo fẹ̀, kí ohùn kan máa kà á sí i létí bí àwọ̀ ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ tí ohùn náà ń kà lọ́wọ́. Ó lè ní kí wọ́n fi àmì kékeré pín ọ̀rọ̀ sí sílébù. Ó lè ní kí ọ̀rọ̀ orúkọ ní àwọ̀ tirẹ̀, kí ọ̀rọ̀ ìṣe ní tirẹ̀. Ó lè tẹ ọ̀rọ̀ kan kó rí àwòrán rẹ̀, tàbí kó yí odindi ojú ìwé padà sí èdè tí wọ́n ń sọ nílé.

Nígbà tí Microsoft bá ń polówó irinṣẹ́ yìí, wọ́n á ní ó wà fún ọmọ tó ní dyslexia, ìyẹn ọmọ tí títú lẹ́tà sí ìró nira fún, wọn á sì ní ó wà fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè ilé ìwé. Nínú gbólóhùn kan náà ni wọ́n máa ń kó àwọn méjèèjì sí. Èmi kò rí i pé àwọn méjèèjì yìí ń gbé inú gbólóhùn kan. Irinṣẹ́ tó dára ni Immersive Reader, màá sì sọ ibi tó ti dára láìfi bò. Àmọ́ iṣẹ́ tó ń ṣe fún ọmọ àkọ́kọ́ yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó ń ṣe fún èkejì, bẹ́ẹ̀ sì ni bọ́tìnnì náà kò mọ èwo nínú wọn ló jókòó níwájú òun.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó ti dára jù bẹ̀rẹ̀, ìyẹn àlàfo. Lọ́dún 2012, Marco Zorzi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì PNAS. Ọmọ 74 tó ní dyslexia, àwọn kan ní Ítálì, àwọn yòókù ní Faransé, ni wọ́n fún ní ohun kíkà. Lẹ́tà àwọn kan wà bó ṣe máa ń wà nínú ìwé. Ti àwọn kan, wọ́n fẹ àlàfo tó wà láàárín lẹ́tà sí lẹ́tà. Wọn kò kọ́ àwọn ọmọ náà ní ohunkóhun ṣáájú. Síbẹ̀, níbi tí àlàfo ti fẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣì kà dín kù dé nǹkan bí ìdajì, ìkàwé wọn sì fi ohun tó lé ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún yára sí i. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé lójú ọ̀pọ̀ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn lẹ́tà tó yí lẹ́tà kan ká máa ń fún un mọ́ra bí èrò inú mólúè, débi pé ojú kò ní rí èyí tó ń wá. Bí a bá fún lẹ́tà láyè, ojú á ráyè.

Ohun tó wù mí nípa ẹ̀yà irinṣẹ́ yìí ni pé kò díbọ́n. Kò ṣèlérí pé òun á wo dyslexia sàn. Ó kàn mú ìdènà kan kúrò lọ́nà ni. Lára àwọn ìrísí lẹ́tà tí ọmọ lè yàn ni Sitka, tí Matthew Carter yà. Bí wọ́n ṣe ń yà á ni wọ́n ń gbé e fún àwọn tó ń kàwé, wọ́n ń wò ó bóyá ojú ń tètè mọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tún un ṣe. Kevin Larson, tó ti pẹ́ nídìí ìwádìí bí ojú àti ọkàn ṣe ń kàwé, ló wà nídìí àyẹ̀wò náà. Èyí ṣọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń tà fún ilé ìwé lórúkọ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dọ́jà.

Èyí tó ń fi òkùnkùn bo ojú ìwé, tó fi jẹ́ pé ìlà kan, mẹ́ta tàbí márùn-ún péré ni ọmọ ń rí, náà dára, pàápàá fún ọmọ tí ojú rẹ̀ máa ń fò láti ìlà kan sí òmíràn. Àwọn olùkọ́ ti ń fi rúlà tàbí páálí ṣe irú rẹ̀ kí kọ̀ǹpútà tó dé kíláàsì.

Ti àwọ̀ ojú ìwé ni mi ò lè yìn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ lè yí funfun padà sí àwọ̀ ìyeyè, ewé tàbí àwọ̀ aró. Bó bá tù ú lójú, kó lò ó. Àmọ́ èrò kan ti wà tipẹ́ pé àwọ̀ ló ń wo dyslexia, àwọn kan sì ti fi ń ta gíláàsì aláwọ̀ fún àwọn òbí. Lọ́dún 2009, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà àti àwọn dókítà ojú sọ ọ́ jáde pé ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì kò ti ìyẹn lẹ́yìn. Ìṣòro dyslexia kò sí nínú ẹyinjú. Ìdí ìró ọ̀rọ̀ ló wà jù, níbi tí ọpọlọ ti ń so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ohùn.

Ká wá dé orí ohùn tó ń kàwé, torí òun ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń tẹ̀ jù. Ẹ̀rọ tó ń kàwé sókè kì í ṣe ohun àná. Lọ́dún 1976 ni Ray Kurzweil gbé tirẹ̀ jáde fún àwọn afọ́jú. Ó tóbi bí àpótí aṣọ, owó rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Stevie Wonder olórin wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á. Pé ọmọ ọlọ́dún mẹ́sàn-án lè rí irú ẹ̀ lò lórí kọ̀ǹpútà ilé ìwé láìsanwó, ohun ńlá ni, ẹni tó bá sì fojú kéré rẹ̀ kò mọ ibi tí a ti ń bọ̀.

Ṣùgbọ́n kí ni ohùn yẹn ń ṣe fún àkàyé? Lọ́dún 2018, Sarah Wood àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jọ, wọ́n sì yẹ̀ wọ́n wò pọ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé àǹfààní wà fún àkàyé ọmọ tí ìwé kíkà nira fún, àmọ́ kò pọ̀ bí àwọn tó ń polówó ṣe ń sọ ọ́. Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ohùn tó ń kàwé fún ọmọ ń ràn án lọ́wọ́ láti dé ibi tí ìmọ̀ wà. Kò kọ́ ọ bí yóò ṣe fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀. Ọmọ tó ń fetí gbọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn, tó sì ń jàǹfààní rẹ̀, ṣì nílò olùkọ́ tí yóò jókòó tì í, tí yóò máa bá a so lẹ́tà pọ̀ mọ́ ìró, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Níbi tí ilé ìwé bá ti fi bọ́tìnnì rọ́pò olùkọ́ yẹn, wọ́n ti rẹ́ ọmọ náà jẹ.

Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ ọmọ méjì ti ń yọjú. Ọmọ tó ní dyslexia gbọ́ èdè rẹ̀ dáadáa. Bí ẹ bá pa àlọ́ fún un, yóò rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, yóò sì tún un pa fún àbúrò rẹ̀ láìfo ibì kan. Ìgbà tí àlọ́ yẹn bá di lẹ́tà lórí ìwé ni ọ̀nà ń dí. Ọmọ kejì ti Síríà dé Birmingham lóṣù tó kọjá. Ó lè ti máa ka ìwé Lárúbáwá wéréwéré. Kò sí ohun tó ṣe ojú rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ rẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni kò tíì gbọ́.

Lọ́dún 1986, Philip Gough àti William Tunmer gbé àlàyé kan kalẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ìwé kíkà kò tíì fi sílẹ̀ títí di òní. Wọ́n ní àkàyé dúró lórí ohun méjì: títú lẹ́tà sí ìró, àti gbígbọ́ èdè tí ìró náà jẹ́. Wọ́n ní a kì í ro méjèèjì pọ̀, ńṣe là ń fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni èsì, bó ti wù kí èkejì pọ̀ tó. Ẹ mú ohùn tó ń kàwé lọ síwájú àlàyé yìí, ẹ ó rí i kedere. Fún ọmọ dyslexia, ohùn náà bá a ṣe apá tó ń dùn ún, ó sì fi apá tó yá a sílẹ̀ fún un. Fún ọmọ tó ti Síríà dé, ohùn náà ń bá a tú lẹ́tà sí ìró èdè tí kò gbọ́. Etí rẹ̀ á kún, inú rẹ̀ á ṣófo.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ìyàtọ̀ yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ nìkan. Àṣìmú rẹ̀ ti ba ayé àwọn ọmọ jẹ́ rí. Lọ́dún 1971, Bernard Coard, ọmọ Grenada tó ń ṣe olùkọ́ ní London, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan tó fi tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ọmọ tí òbí wọn ti àwọn erékùṣù Karíbíà wá lọ sí ilé ìwé àwọn tí wọ́n ní ọpọlọ wọn kò tó. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀, ìdánwò tí wọ́n fi èdè àti àṣà ẹlòmíràn ṣe, àti olùkọ́ tí kò retí ohun rere kankan lọ́wọ́ wọn wà lára ohun tó gbé wọn débẹ̀. Ọdún kan ṣáájú ìyẹn, ní Kalifóníà, wọ́n pe ẹjọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Diana: àwọn ọmọ tó ń sọ èdè Sípéènì nílé ni wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dán wò, tí wọ́n sì tì wọ́n sí kíláàsì àwọn tí wọ́n ní làákàyè wọn kò pé. Nígbà tí wọ́n tún wọn dán wò lédè tí wọ́n gbọ́, púpọ̀ nínú wọn ló bọ́ kúrò nínú irú ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 2014 lórí ọmọ àti ẹbí wá sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé a kò gbọ́dọ̀ ka ọmọ sí ẹni tó ní ìṣòro ẹ̀kọ́ kíkọ́ kìkì nítorí pé èdè ilé rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ilé ìwé.

Ohun tí òfin fi ọdún gbọọrọ yà sọ́tọ̀ ni irinṣẹ́ yìí tún kó pọ̀ sójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀yẹ rẹ̀ wà. Tẹ́lẹ̀, ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ máa ń dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá mìíràn, gbogbo ojú á sì tẹ̀ lé e. Báyìí, bọ́tìnnì kan náà wà lórí kọ̀ǹpútà gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀ ẹ́ á tẹ̀ ẹ́, ẹnì kan kò ní mọ̀. Ìtìjú tí ìyẹn mú kúrò kò ṣeé díwọ̀n. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ lè pa ẹ̀yẹ náà mọ́ lójú kíláàsì, kó sì mọ ìyàtọ̀ náà nínú ọkàn ara rẹ̀.

Àwọn ẹ̀yà yòókù, a lè pín wọn fún ọmọ méjèèjì láìjà. Àwọ̀ tó ń ya ọ̀rọ̀ orúkọ sọ́tọ̀ lára ọ̀rọ̀ ìṣe kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ọmọ dyslexia tó ń kàwé lédè abínibí rẹ̀. Ó ti mọ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú oyún, bí a bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lèyí ń ràn lọ́wọ́, torí lédè yẹn, ọ̀rọ̀ kan náà lè jẹ́ orúkọ nínú gbólóhùn kan, kó di ìṣe nínú èkejì láìyí aṣọ padà. Pínpín ọ̀rọ̀ sí sílébù ni ti ọmọ dyslexia. Àwòrán sì ni ti ẹni tó ń kọ́ èdè.

Àwòrán yẹn ló yẹ ká dúró tì díẹ̀. Bí ọmọ bá tẹ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ajá, ajá á yọjú. Bó bá tẹ odò, odò á yọjú. Àmọ́ kì í ṣe ajá àti odò ló ń ká ọmọ mọ́ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì kíláàsì kẹfà. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń so èrò pọ̀ ni: bó tilẹ̀ jẹ́ pé, nítorí náà, àyàfi bí, ní ìfiwéra. Ta ló lè ya àwòrán àyàfi? Jim Cummins, onímọ̀ èdè ní Kánádà, ti fi yé wa láti ọdún 1979 pé èdè eré àti èdè ìwé kì í ṣe ọ̀kan. Ọmọ àjèjì lè gbọ́ èdè eré láàárín nǹkan bí ọdún méjì, kó máa bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwàdà, kí olùkọ́ sì rò pé ọ̀ràn ti parí. Èdè ìwé lè gba ọdún márùn-ún sí méje kó tó bá àwọn ọmọ onílẹ̀ dọ́gba. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n sábà máa ń sọ pé ọmọ náà ya ọ̀lẹ tàbí pé orí rẹ̀ kò pé. Àwòrán inú Immersive Reader bá ọmọ rìn dé ẹnu ọ̀nà èdè eré, ó sì padà sílé.

Ìtumọ̀ ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa Yorùbá gan-an. Lọ́dún 2023 ni Microsoft fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ìtumọ̀ wọn ń lò, òun àti Haúsá, Ígbò àti àwọn èdè Áfíríkà mìíràn; Google ti ṣe tirẹ̀ láti ìparí ọdún 2013. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí yóò lò ó. Ká ní ọmọ kan ti Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin bá òbí rẹ̀ dé Peckham ní London. Olùkọ́ béèrè èdè ilé. Wọ́n kọ Yorùbá sínú fọ́ọ̀mù. Olùkọ́ tó ń fẹ́ ire ọmọ yí ojú ìwé padà sí Yorùbá fún un. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn, kò sọ nǹkan kan. Faransé ni wọ́n fi kọ́ ọ níwèé ní Kétu. Yorùbá ni ó ń sọ, kò kà á rí. Bó bá jẹ́ Faransé ni olùkọ́ yàn, ì bá kà á gaara. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n bí sí Peckham, ẹni tó ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá àgbà ṣùgbọ́n tí gbogbo ìwé rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò ní rí nǹkan fi ojú ìwé Yorùbá ṣe rárá. Èdè ilé àti èdè ìwé kì í fi ìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan, pàápàá láàárín àwa tí ìjọba òyìnbó pín sábẹ́ èdè méjì. Bọ́tìnnì náà ń béèrè èdè tí ọmọ fẹ́. Ó yẹ kí ẹnì kan ti kọ́kọ́ béèrè èdè tó mọ̀ ọ́n kà.

Ká tiẹ̀ wá ní ọmọ náà mọ Yorùbá kà. Àkọtọ́ wa rọrùn ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ fíìfíì: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ìró rẹ̀, sílébù kò sì ní kọ́ńsónáǹtì lẹ́yìn. Ọmọ tó ń tiraka láti mọ ibi tí sílébù pín sí nínú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gígùn kò ní irú wàhálà yẹn lọ́dọ̀ wa. Tiwa wà lókè àti nísàlẹ̀. Àmì ohùn jókòó sórí fáwẹ̀lì, ẹsẹ̀ kékeré sì wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Bí ìwádìí Zorzi bá tọ̀nà pé ohun tó yí lẹ́tà ká ló ń fún un pa, a jẹ́ pé tiwa ń fún un láti òkè àti láti ìsàlẹ̀ pẹ̀lú, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́ nìkan. Fífẹ àlàfo láàárín lẹ́tà kò yanjú ìyẹn. Bákan náà, nínú Unicode, ètò àmì lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà ń lò, ẹ́ àti ọ̀ kò ní àyè kan ṣoṣo tiwọn. Ńṣe ni wọ́n máa ń gbé àmì lé lẹ́tà lórí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ lẹ́tà náà tán, bó bá sì jẹ́ ìrísí lẹ́tà tí wọn kò ro ti wa mọ́ ọn ni, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣe fún Yorùbá ohun tí Carter àti Larson ṣe fún Sitka, ìyẹn ni pé kí wọ́n gbé lẹ́tà olóhùn síwájú ọmọ tí ìwé ń nira fún, kí wọ́n wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń ṣe, kí wọ́n sì tún un yà.

Ẹni tó bá sì rò pé ìtumọ̀ lórí ẹ̀rọ ló máa parí ọ̀rọ̀ èdè nínú kíláàsì, kó wo ohun tí wọ́n ṣe ní Ilé-Ifẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ń kọ́ wọn. Owó àjọ Ford Foundation wà nídìí rẹ̀. Ìwé ni wọ́n jókòó kọ. Wọ́n wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Wọ́n dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà tó jọ èyí. Nígbà tó di ìparí ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e.

Irinṣẹ́ kan wà tó jẹ́ àbúrò Immersive Reader tí mi ò lè fi sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ lé lórí. Reading Progress ni, ọdún 2021 ló dé inú Teams. Ọmọ á ka ìwé sókè níwájú kámẹ́rà, ẹ̀rọ á máa gbọ́, á ka iye ọ̀rọ̀ tó kà ní ìṣẹ́jú kan, á sì sàmì síbi tó ti ṣì í pè, tó fò ó, tàbí tó tún un kà. Àkókò tí èyí dá sílẹ̀ fún olùkọ́ tó ní ọgbọ̀n ọmọ kò kéré. Ewu rẹ̀ ni pé etí ẹ̀rọ lẹ́gbẹ́. Allison Koenecke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ilé iṣẹ́ márùn-ún wò, Microsoft wà lára wọn, wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2020: nínú ọ̀rọ̀ ọgọ́rùn-ún tí aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sọ, nǹkan bí 35 ni ẹ̀rọ ṣì gbọ́, ti aláwọ̀ funfun, 19. Ọmọ Yorùbá tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kì í ní ìró th, ch, v àti z nínú èdè rẹ̀. Yóò ka ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà, ìtumọ̀ rẹ̀ á yé e, ahọ́n ilé á sì gbé t sí ipò th, ṣ sí ipò ch. Àṣìkà kọ́ nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá kà á sí àṣìkà, ó ti sọ ahọ́n di àìsàn, a sì ti padà sí ohun tí Coard kọ̀wé lé lórí. Ẹ̀tọ́ ni kí n sọ pé wọ́n fún olùkọ́ láyè láti dín bí ẹ̀rọ náà ṣe le tó lórí ìpè ọ̀rọ̀ kù, olùkọ́ sì lè yí máàkì padà. Bí olùkọ́ kò bá mọ ìdí tó fi yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀, àyè náà kò wúlò.

Ìlò kan wà tí mo rò pé àwọn tó ṣe Immersive Reader kò fi bẹ́ẹ̀ polówó, èmi sì gbà pé òun ló níye lórí jù. Kí olùkọ́ fún ọmọ ní ojú ìwé kan kó kà á fúnra rẹ̀, kó sọ ohun tó wà níbẹ̀. Kó wá fi ohùn ka òmíràn tó le bákan náà fún un, kó tún sọ. Bó bá jẹ́ pé èyí tó gbọ́ ló yé e tí èyí tó kà kò yé e, inú lẹ́tà ni ká ti wá ìṣòro rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá yé e, kí wọ́n bi í ní èdè tó gbọ́ dáadáa. Bó bá wá yé e, èdè ni. Àyẹ̀wò gidi kọ́ nìyí o. Kò lè rọ́pò onímọ̀ tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò gbà, irinṣẹ́ tó wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà ni yóò lò, ì bá sì ti gba ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ ní London àti Kalifóníà láyé ọjọ́sí.

Torí bó pẹ́ bó yá, ìyàtọ̀ náà á fara hàn, níbi tí kò ti dára kó ti fara hàn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìdánwò ìwé kíkà tí àwọn ọmọ ọdún mọ́kànlá ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ka àyọkà fún ọmọ. Nígbà tó bá pé ọdún mẹ́rìndínlógún tó ń ṣe ìdánwò GCSE, ọmọ tí wọ́n ti rí ẹ̀rí ìṣòro rẹ̀ lè lo ẹ̀rọ tó ń kàwé, kódà nínú apá tó ń dán ìwé kíkà wò. Ọmọ tó jẹ́ pé èdè nìkan ló ń dà á láàmú kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Nínú àwọn iṣẹ́ kan, wọ́n á gbà á láyè láti mú ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ elédè méjì wọlé, nínú àwọn mìíràn, ọwọ́ lásán ni. Bí àwọn méjèèjì bá ti jọ tẹ bọ́tìnnì kan náà fún ọdún márùn-ún láìsí ẹni tó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wò, òṣìṣẹ́ ìdánwò tó di fáìlì mú lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ló máa kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀.